Ryokan ni àbí òtẹ́ẹ̀lì? Bí ẹ ṣe lè yan ibi tí ẹ ó sùn sí ní Japan

Ẹni tó bá ń múra ìrìn àjò lọ sí Japan, tó ń wá yàrá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó ni yóò kọ́kọ́ rú u lójú. Yóò rí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Tokyo, 10,000 yen (owó Japan) lóru kan. Yóò rí ilé mìíràn ní Hakone, ìlú orí òkè kan nítòsí Tokyo, 30,000 yen. Yàrá ti Hakone yìí kò ní bẹ́ẹ̀dì, ó lè má ní ilé ìwẹ̀ tirẹ̀, orí ilẹ̀ sì ni wọ́n ń sùn nínú rẹ̀. Nígbà tó bá wá wò ó fínnífínní, yóò rí i pé owó ẹnì kan ṣoṣo ni 30,000 náà; bí tọkọtaya bá ń lọ, 60,000 ni. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pa ojú ìwé náà dé, tí wọ́n á ní wọ́n fẹ́ rẹ́ àwọn jẹ.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ rẹ́ yín jẹ. Ọjà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì ń tà. Òtẹ́ẹ̀lì ń ta yàrá. Ilé ti Hakone, tí wọ́n ń pè ní ryokan, ń ta odidi ìrọ̀lẹ́ kan àti òwúrọ̀ tó tẹ̀lé e: oúnjẹ, ìwẹ̀, aṣọ, ibùsùn àti ẹni tí yóò tọ́jú yín. Ẹni tó bá ti mọ èyí, ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé, aago mélòó ni mo lè dé ibẹ̀? Aago yẹn ló máa ń sọ ibi tó yẹ kéèyàn sùn sí ju owó lọ, òun gan-an ni mo sì fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ṣe ń ka àlàyé yìí.

Kí ni ryokan gan-an?

Ilé ìgbàlejò ìbílẹ̀ àwọn ará Japan ni. Ẹní ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ yàrá rẹ̀ láti ògiri dé ògiri, tatami ni wọ́n ń pè é. Koríko ni wọ́n hun sójú rẹ̀. Láyé àtijọ́, pòròpórò ìrẹsì tí wọ́n dì pọ̀ títí tó fi le ló máa ń wà nínú. Ẹní kan fẹ̀ tó nǹkan bí 90 sẹ̀ǹtímítà, ó gùn tó 180. Iye ẹní ni wọ́n fi ń wọn yàrá, nítorí náà bí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ ọ́ pé yàrá jẹ́ tatami 8, ó tó nǹkan bí mítà 13 níbùú lóròó (13 m²). Ibùsùn rẹ̀ ni futon, fóòmù pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tẹ́ sórí ẹní lálẹ́, tí wọ́n sì ń ká kúrò láàárọ̀.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é. Nishiyama Onsen Keiunkan, tó wà ní agbègbè Yamanashi, ti wà láti ọdún 705; ní 2011 ni ìwé àkọsílẹ̀ Guinness World Records kà á sí òtẹ́ẹ̀lì tó pẹ́ jù lọ láyé. Nígbà tí àwọn jagunjagun ìdílé Tokugawa ń ṣàkóso Japan, ojú ọ̀nà tó lọ láti Edo, tí í ṣe Tokyo òde òní, títí dé Kyoto ní ibùdó ìsinmi 53. Ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń fi rìn. Arìnrìn-àjò á dé nírọ̀lẹ́ tòun ti ebi àti eruku, ilé àlejò á fún un lómi ìwẹ̀ àti oúnjẹ alẹ́, á sùn, á jẹun àárọ̀, á sì tún gbéra. Ìdí nìyẹn tí ryokan fi ń ta oúnjẹ méjì àti ibùsùn pọ̀ títí dòní.

Òtẹ́ẹ̀lì kò nílò àlàyé púpọ̀, bẹ́ẹ̀dì, ilé ìwẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé orúkọ nìkan. Òfin 1948 tó ń darí ilé ìgbàlejò ní Japan ya ryokan sọ́tọ̀ kúrò lára òtẹ́ẹ̀lì, àmọ́ nígbà tí wọ́n tún òfin náà ṣe, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018, wọ́n pa méjèèjì pọ̀ sójú kan. Ẹ lè rí ilé tó ń jẹ́ ryokan tó ní bẹ́ẹ̀dì, ẹ sì lè rí òtẹ́ẹ̀lì tó ní yàrá ẹní. Ẹ wo àwòrán yàrá, ẹ sì ka ohun tó wà nínú owó náà.

Kí ló dé tí owó rẹ̀ fi ga tó bẹ́ẹ̀?

Nítorí pé orí èèyàn ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka yàrá. Èèyàn mẹ́ta nínú yàrá kan, owó mẹ́ta ni. Ó bọ́gbọ́n mu tí ẹ bá rántí pé oúnjẹ wà nínú rẹ̀. Oúnjẹ alẹ́ ryokan tó dára máa ń jẹ́ abọ́ kéékèèké tó lè tó mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, tí wọ́n ń gbé wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ẹja tí iná kò kàn, ẹja yíyan, ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀, ọbẹ̀, ẹran díẹ̀, ìrẹsì ló máa ń kẹ́yìn. Irú oúnjẹ yìí nìkan, bí ẹ bá lọ jẹ ẹ́ nílé oúnjẹ ńlá ní Tokyo tàbí Kyoto, ó lè gba 10,000 yen tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ ẹnì kan. Ẹ yọ ìyẹn kúrò, ẹ yọ oúnjẹ àárọ̀ kúrò, ẹ ó rí i pé iye tó kù fún yàrá kéré dáadáa sí 30,000 náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì lè ju ti òtẹ́ẹ̀lì lọ. Kò sì pọn dandan kí àlejò fún òṣìṣẹ́ lówó ìdúpẹ́.

Lórí ojú ìwé wọn, ẹ ó máa rí “ippaku nishoku”. Ìyẹn ni òru kan pẹ̀lú oúnjẹ méjì. Bí ẹ bá rí “sudomari”, yàrá lásán ni, kò sí oúnjẹ nínú rẹ̀. Ilé kan náà lè ta méjèèjì, ìyàtọ̀ owó wọn sì máa ń pọ̀. Ẹni tó bá ń fi owó ilé kan wé òmíràn láì wo èyí, àṣìṣe ló ń ṣe.

Aago wá ni ibi tí ọ̀ràn wà. Wọ́n máa ń retí àlejò láàárín aago mẹ́ta sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Aago mẹ́fà tàbí méje ni oúnjẹ alẹ́. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ ti gbọ́dọ̀ jáde. Ó dà bí ìgbà tí ẹ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n yín pé ẹ ń bọ̀ wá sùn lọ́dọ̀ rẹ̀ lálẹ́ òní, tí ìyàwó rẹ̀ sì ti gbé iṣu kaná: ẹ ò lè dé láago mẹ́wàá òru kí ẹ ní kí wọ́n gún iyán tuntun. Ẹni tó bá pẹ́ ju àkókò lọ, oúnjẹ ti lọ, owó rẹ̀ kò sì ní padà.

Báwo ni ìrọ̀lẹ́ kan ṣe ń lọ níbẹ̀?

Bàtà lẹ máa kọ́kọ́ bọ́. Ẹnu ọ̀nà ilé rẹlẹ̀ ju inú ilé lọ. Ibi tó rẹlẹ̀ yẹn ni bàtà ń gbé. Wọ́n á fún yín ní sílípáàsì fún ọ̀dẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n sílípáàsì náà kò gbọdọ̀ kan ẹní. Ẹ bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá, kí ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ tàbí ẹsẹ̀ lásán wọlé. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní sílípáàsì tirẹ̀ tí kì í jáde níbẹ̀. Bí àpótí ẹrù yín bá ní táyà, ẹ gbé e nílẹ̀. Táyà ń ya ẹní.

Obìnrin tó ń tọ́jú àlejò á mú yín dé yàrá, á po tíì, á sì béèrè aago tí ẹ fẹ́ jẹun. Tábìlì kúkurú ló wà níbẹ̀, àga rẹ̀ kò lẹ́sẹ̀. Nínú yàrá, ẹ ó rí àyè kan tó wọnú ògiri, tí àwòrán tàbí òdòdó wà nínú rẹ̀. Tokonoma ni. Ẹ má gbé ẹrù síbẹ̀, ẹ má sì jókòó síbẹ̀. Òun ni ibi ọlá yàrá náà.

Wọ́n á gbé yukata sílẹ̀ fún yín, aṣọ òwú fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń fi ọ̀já dì. Ẹ lè wọ̀ ọ́ lọ síbi ìwẹ̀, síbi oúnjẹ, kí ẹ sì fi sùn. Ní ìlú bíi Kinosaki, ẹ lè wọ̀ ọ́ rìn lójú títì, gbogbo èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ rí i dájú pé apá òsì aṣọ ló bo apá ọ̀tún. Òkú ni wọ́n ń fi apá ọ̀tún bo òsì fún níbẹ̀, ojú kò sì ní gbà á lára alààyè.

Bí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́ ní yàrá ìjẹun, wọ́n á wọ yàrá yín, wọ́n á sún tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á sì tẹ́ futon. Kí ẹ má bẹ̀rù pé olè wọlé. Bí futon kan bá le jù fún ẹ̀yìn yín, ẹ ní kí wọ́n fi òmíràn lé e. Ògiri ilé ìgbàanì fẹ́lẹ́, ilẹ̀kùn mìíràn jẹ́ igi àti bébà, nítorí náà ohùn jẹ́jẹ́ ni gbogbo èèyàn ń lò lálẹ́.

Ṣé lóòótọ́ ni pé ìhòòhò ni wọ́n ń wẹ̀?

Lóòótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ryokan wà níbi tí omi gbígbóná ti ń sun látinú ilẹ̀. Onsen ni wọ́n ń pe irú omi bẹ́ẹ̀, òfin wọn sì sọ pé kí omi tó lè jẹ́ onsen, ó gbọ́dọ̀ gbóná tó 25°C níbi tó ti ń sun, tàbí kí èròjà inú ilẹ̀ tí òfin kà sílẹ̀ wà nínú rẹ̀. Inú kòtò omi náà, ó sábà máa ń wà láàárín 40°C sí 42°C. Ó gbóná dáadáa. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ pẹ́ nínú rẹ̀, kí ó sì mu omi lẹ́yìn náà.

Ọkùnrin àti obìnrin kì í sábà wẹ̀ pọ̀. Aṣọ ìkélé máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà. 男 ni ti ọkùnrin, 女 ni ti obìnrin. Ẹ wo àmì yìí ní gbogbo ìgbà, torí pé ọ̀pọ̀ ilé máa ń pààrọ̀ wọn láàárín alẹ́ sí òwúrọ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé omi yẹn kì í ṣe omi ìwẹ̀dọ̀tí. Ẹ ó kọ́kọ́ jókòó lórí àpótí kékeré nídìí ẹ̀rọ omi, ẹ ó fọṣẹ, ẹ ó ṣan gbogbo ara títí tí ọṣẹ kò fi ní sí mọ́, kí ẹ tó wọ inú omi lọ gbé ara sí i. Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ kò wọbẹ̀. Táwẹ̀lì kékeré tí wọ́n fún yín kò gbọdọ̀ wọ omi. Orí ni àwọn ará ibẹ̀ ń gbé e lé. Obìnrin tó dirun gígùn gbọ́dọ̀ ká a sókè, kí ó so ó mọ́lẹ̀, kí irun má kan omi.

Ọ̀pọ̀ ilé kì í gba ẹni tó fín àwòrán sára, nítorí pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ọ̀daràn yakuza ló sọ ọ́ di àmì wọn. Kò kàn wọ́n pé àlejò ni yín. Ṣùgbọ́n ní Kinosaki, àwọn ilé ìwẹ̀ ìlú ń gbà wọ́n wọlé, ẹni tó bá sì sùn ní ryokan ìlú náà ń wọ àwọn ilé ìwẹ̀ yẹn láì san owó mìíràn.

Ẹni tí ìtìjú tàbí ẹ̀sìn kò bá jẹ́ kí ó bọ́ra níwájú ẹlòmíì, kí ó má torí èyí kọ ryokan sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ní ìwẹ̀ àdáni tí ẹ lè gbà fún nǹkan bí wákàtí kan, tí ẹ ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra yín nínú rẹ̀. “Kashikiri” lẹ máa rí lórí ojú ìwé wọn. Yàrá mìíràn tilẹ̀ ní kòtò omi tirẹ̀, owó rẹ̀ ló kàn ga. Fún tọkọtaya Mùsùlùmí, èyí ni mo gbà pé ó dára jù.

Oúnjẹ ńkọ́?

Níbi yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù. Oúnjẹ ryokan kì í ṣe ohun tí èèyàn ń yàn lórí tábìlì. Ẹni tó ń sè é ti ra ohun tí yóò sè kí ẹ tó dé. Omi ẹja gbígbẹ ló sábà máa ń wà nídìí ọbẹ̀ wọn, tó fi dé inú ẹ̀fọ́ tó dà bí ẹni pé kò ní nǹkan kan nínú. Ọtí ìrẹsì, sake àti mirin, ni wọ́n sì fi ń se ọ̀pọ̀ nǹkan. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Mùsùlùmí tàbí ẹnikẹ́ni tí oúnjẹ kan ń bá ara rẹ̀ jà gbọ́dọ̀ kọ ọ́ ránṣẹ́ lọ́jọ́ tó bá ń gba yàrá, kí ó sì dúró gba èsì. Bí wọ́n bá ní àwọn kò lè ṣe é, ẹ gba sudomari níbẹ̀ kí ẹ jẹun níta, tàbí kí ẹ wá ilé mìíràn.

Ata kò sí níbẹ̀ bí a ṣe mọ ata. Oúnjẹ àárọ̀ lè jẹ́ ìrẹsì, ẹja yíyan, ọbẹ̀ miso (ti ẹ̀wà sóyà), ẹyin tí wọn kò sè, àti natto, ẹ̀wà sóyà tí wọ́n bò bí irú, tó ń fà bí ilá. Ó tọ́ kí ẹ tọ́ ọ wò.

Òtẹ́ẹ̀lì ìgbàlódé wá ńkọ́?

Èyí tí arìnrìn-àjò ń lò jù ni òtẹ́ẹ̀lì oníṣòwò, tó máa ń wà nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Yàrá rẹ̀ kéré: mítà 11 sí 15 níbùú lóròó kò ṣọ̀wọ́n, ẹ lè máà rí ibi ṣí àpótí ńlá méjì sí lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ó mọ́, ó ní ilé ìwẹ̀ tirẹ̀, ẹ̀rọ ìfọṣọ sábà máa ń wà, ẹ sì lè wọlé lóru láì kàn ẹnikẹ́ni lára. Àwọn mìíràn, bíi Dormy Inn, tilẹ̀ ní ìwẹ̀ ńlá tí gbogbo àlejò ń lò, nítorí náà ẹni tó bá jẹ́ pé omi gbígbóná nìkan ló wù ú lè rí i láì san owó ryokan.

Òtẹ́ẹ̀lì oníhò náà wà, tí wọ́n to àpótí ìsùn léra. Osaka ni àkọ́kọ́ ti ṣí ní 1979, ayàwòrán ilé Kisho Kurokawa ló yà á. Àpótí kan gùn tó mítà méjì, ó fẹ̀ tó mítà kan. Aṣọ ìkélé ni ilẹ̀kùn rẹ̀, kò ní kọ́kọ́rọ́, ẹrù yín á wà níbòmíràn. Òru kan tí ọkọ̀ ojú irin ti tán, ó wúlò. Ẹni tó bá ní ẹrù púpọ̀ tàbí ọmọ lọ́wọ́, kò bá a mu.

Ṣé kò sí èyí tó wà láàárín méjèèjì?

Ó wà. Minshuku ni ilé tí ìdílé kan ń gbé, tí wọ́n ń gba àlejò sí. Owó rẹ̀ kéré, oúnjẹ rẹ̀ jẹ́ ti inú ilé, ẹ̀yin fúnra yín lẹ lè tẹ́ futon yín. Ní abúlé Shirakawa-go, níbi tí ilé olórùlé koríko gíga wà, èyí tí UNESCO kọ sínú àkójọ ogún àgbáyé ní 1995, díẹ̀ nínú àwọn ilé náà ló jẹ́ minshuku.

Shukubo ni ti inú tẹ́ńpìlì. Lórí òkè Koya, tí mọ́ńkì Kukai tẹ̀ dó ní 816, tẹ́ńpìlì tó lé ní 50 ló ń gba àlejò. Oúnjẹ wọn kò ní ẹran, kò ní ẹja. Wọ́n ń ti ilẹ̀kùn kùtùkùtù alẹ́, àdúrà òwúrọ̀ sì ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà, àlejò lè jókòó gbọ́ ọ. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ibẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tí ariwo Tokyo bá ti sú, kó lọ síbẹ̀.

Nígbà náà, èwo ni kí n yàn?

Yíyan méjèèjì ni ìmọ̀ràn mi: òru tó pọ̀ jù ní òtẹ́ẹ̀lì, òru kan tàbí méjì ní ryokan. Ẹ má ṣe gba ryokan sí ọjọ́ tí ẹ bá balẹ̀ ní pápákọ̀ òfúrufú, torí ọkọ̀ òfúrufú lè pẹ́, oúnjẹ alẹ́ yín á sì lọ. Ẹ má gbà á sí ọjọ́ tí ẹ fẹ́ rìn ká gbogbo Kyoto láti àárọ̀ dé alẹ́. Ẹ yan ọjọ́ tí kò sí nǹkan mìíràn láti ṣe, ní ìlú omi gbígbóná: Hakone, tí ọkọ̀ ojú irin Romancecar ń dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láti Shinjuku ní Tokyo ní nǹkan bí wákàtí kan àbọ̀; Kusatsu ní Gunma; Beppu ní Oita; tàbí Kinosaki. Ẹ dé ibẹ̀ láago mẹ́ta, kí ẹ wẹ̀ kí ẹ tó jẹun, kí ẹ tún wẹ̀ kí ẹ tó sùn, kí ẹ tún wẹ̀ láàárọ̀. Nígbà náà lẹ ó tó jẹ ìgbádùn owó yín.

Àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn kó wá yàrá tó ní ẹní àti bẹ́ẹ̀dì pọ̀. Ó wà ní ọ̀pọ̀ ryokan. Ẹni tó ń dá rìn, kó mọ̀ pé ilé mìíràn kì í gba ẹnì kan ṣoṣo, tàbí kí wọ́n fi owó lé e. Ìdílé tó ní ọmọ kékeré á gbádùn ẹní ju bẹ́ẹ̀dì lọ, torí kò síbi tí ọmọ ti máa já bọ́. Alẹ́ Sátidé, ọ̀sẹ̀ ìsinmi ìparí oṣù kẹrin sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, àárín oṣù kẹjọ àti ọdún tuntun, owó máa ń fò sókè níbi gbogbo.

Ẹ má fi í dọ̀la títí láé. Ní 1980, ryokan lé ní 80,000 ní Japan. Nígbà tó fi máa di 2017, wọn kò tó 40,000 mọ́. Àwọn tó ni ín ń darúgbó, àwọn ọmọ wọn kò fẹ́ gbà á.

Kí ló yẹ kí n ṣe kí n tó sanwó?

Ẹni tó bá fẹ́ fi ìwé ìrìnnà Nàìjíríà gba físà ìgbafẹ́, wọ́n á béèrè ètò ìrìn àjò tó sọ ibi tí ẹ ó sùn. Ryokan sì máa ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó fagi lé yàrá. Bí ọjọ́ bá ṣe ń sún mọ́lé ló ń pọ̀ sí i, ẹni tí kò yọjú rárá lè san gbogbo rẹ̀. Ẹ ka ọjọ́ tí ìtanràn bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé èsì físà lè dé ṣáájú rẹ̀.

Tí ẹ bá débẹ̀, wọ́n á ya ẹ̀dà ìwé ìrìnnà yín, òfin ni. Owó orí kékeré lè wà lọ́tọ̀: ti onsen sábà máa ń jẹ́ 150 yen lórí ẹnì kan lóòjọ́, Tokyo ti ń gba ti ibùsùn láti 2002, Kyoto láti 2018.

Ní ti àpótí ńlá, ẹ má wọ́ ọ lọ sí òkè Hakone. Ẹ ní kí òtẹ́ẹ̀lì yín ní Tokyo fi ránṣẹ́ sí òtẹ́ẹ̀lì yín ní Kyoto. “Takkyubin” ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà, ọjọ́ kejì ló sábà máa ń dé. Báàgì kékeré tó gba aṣọ ọjọ́ kan ti tó fún ryokan, torí yukata ni ẹ ó wọ̀ jù níbẹ̀.